Ta ni àgbà tó wà lẹ́nu-ọ̀nà lóru? Ìtàn residency pàjáwìrì, láti Èmùré dé Kumasi

1.
Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀, ìtàn gígùn ni mo gbé wá lónìí. Ìtàn bí dókítà ṣe ń di ọ̀gá nínú iṣẹ́ pàjáwìrì ni, àti ìdí tó fi kan gbogbo àwa tá a máa ń gun ọ̀kadà láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀, láti Ìsẹ̀ lọ sí Èmùré. Ẹ máa bá mi bọ̀.

2.
Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Èmùré, dókítà ni. Lóṣù tó kọjá, ó fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ìwọ tó o máa ń kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bá mi ka èyí wò." Lẹ́tà tó fẹ́ fi wá àyè residency ni, ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Fún ẹni tí kò bá mọ̀: residency ni àwọn ọdún tí dókítà tó ti jáde yunifásítì máa ń lò lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ọsibítù ńlá kó tó di kọnsọ́ltáǹtì.

Mo kà á tán. Gírámà ẹ̀ dán. Àmọ́ mi ò rí ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹ̀ rárá. Mo wá bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tó jẹ́ pàjáwìrì lẹ fẹ́ ṣe?"

3.
Ohùn ló fi fèsì, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ó ní nígbà tóun ń ṣe house job, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n gbé ọlọ́kadà kan dé. Ẹ̀jẹ̀ ti bo gbogbo ojú ẹ̀. Òun nìkan ni dókítà tó wà lẹ́nu-ọ̀nà, òun tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọ̀gá wà nílé, fóònù ni wọ́n fi ń sọ ohun tó máa ṣe fún un.

Ọkùnrin náà yè. "Ṣùgbọ́n ká má purọ́, àbúrò mi, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo gbà á là àbí orí ìyá ẹ̀."

4.
Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lóru ọjọ́ yẹn, àgbà ni ò sí lọ́jà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: báwo ló ṣe jẹ́ pé ẹnu-ọ̀nà ọsibítù, níbi tí ikú ti sún mọ́ èèyàn jù lọ, ni wọ́n máa ń fi dókítà tó kéré jù lọ sí? Ẹ ò rí nǹkan, kì í ṣe Èkìtì nìkan. Gbogbo ayé ló bẹ̀rẹ̀ báyẹn.

5.
Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1889, ọsibítù Johns Hopkins ṣílẹ̀kùn ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀gá bíi William Osler àti William Halsted ló gbé ètò kan kalẹ̀ níbẹ̀: àwọn dókítà kéékèèké á máa gbé inú ọsibítù, wọ́n á máa tọ ọ̀gá lẹ́yìn tọ̀sán tòru, iṣẹ́ á sì máa pọ̀ sí i lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ náà, resident, ti gbilẹ̀: ẹni tó ń gbébẹ̀.

Ṣé ó ṣàjèjì sí wa? Rárá o. Bí ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá alágbẹ̀dẹ nìyẹn.

6.
Tiwa ńkọ́? Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ilé UCH tí gbogbo wa mọ̀ sì ṣí ní 1957. Àmọ́ nígbà náà, o lè kàwé di dókítà ní Ìbàdàn, tó o bá fẹ́ di ọ̀gá pátápátá, ọkọ̀ òkun tàbí bàálù ni. Ìlú Ọba lọ̀pọ̀ wọn ti ń lọ gba ìwé ẹ̀rí àwọn oníṣẹ́ abẹ àti àwọn oníṣègùn òyìnbó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé àwa la dá jápa sílẹ̀, ẹ kú ìrònú.

7.
Ẹnì kan wà nínú àwọn tó rìnrìn àjò yẹn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí: Látúndé Òdékù, ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí wọ́n bí ní 1927. Ó gba oyè dókítà ní Howard ní 1954, ó sì lọ ṣe residency iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Michigan lábẹ́ Edgar Kahn. Ní 1962 ó padà sí UCH, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ọmọ ọdún 47 péré ni nígbà tó kú ní 1974.

Ẹ fi orúkọ Michigan sápò ná. A máa padà síbẹ̀.

8.
Láàárín àkókò yẹn, àwọn àgbà ìṣègùn ilẹ̀ yìí ń sọ pé a gbọ́dọ̀ lè kọ́ ọ̀gá nílé. Ní 1960 àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní 1973 ẹgbẹ́ náà di West African College of Surgeons. Ní 1976 ti àwọn oníṣègùn, West African College of Physicians, tẹ̀ lé e. Ní 1979 ìjọba fi òfin dá National Postgraduate Medical College of Nigeria sílẹ̀. Láti ìgbà náà, o lè ṣe residency rẹ ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ tàbí ní Èkó, kó o sì di kọnsọ́ltáǹtì láìgba físà.

9.
Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe pín àgbà. Ọmọdé ní àgbà tiẹ̀. Aboyún ní tiẹ̀. Eegun, ojú, ọpọlọ, gbogbo wọn ló ní tiwọn. Ẹnu-ọ̀nà nìkan ni ò ní. Gbogbo ẹ̀ka ló ń rán èèyàn wá síbẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é ní ilé ara ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, dókítà Nàìjíríà tó fẹ́ràn iṣẹ́ pàjáwìrì ní láti gba ọ̀nà iṣẹ́ abẹ, tàbí ti dókítà ẹbí, tàbí ti àwọn tó ń fún aláìsàn lóògùn oorun, kó tó lè padà wá dúró níbẹ̀.

10.
Ẹ̀yin kan á ní: ṣé iṣẹ́ lọ̀tọ̀ ni pàjáwìrì jẹ́ ni? Ẹ gbọ́. Aláìsàn tó bá lọ sí kíl̀íníìkì ojú ti mọ̀ pé ojú ló ń dun òun. Ẹni tí ọkọ̀ kọlù kò mọ̀ bóyá orí ni, ikùn ni, àbí egungun ìhà tó ti gún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹsẹ̀ tó kán lè máa pariwo nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ inú ikùn ló fẹ́ pa á.

Dókítà pàjáwìrì ló mọ ètò ẹ̀: ṣé èémí ń rí ọ̀nà gbà? Ṣé ó ń mí dáadáa? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dà? Tí èèyàn mẹ́wàá bá dé pọ̀, ta ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn? Ẹni tó ń ké jù kọ́ ló sábà máa ń sún mọ́ ikú jù o.

11.
Àwọn òyìnbó pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ní 1952, Maurice Ellis di ọ̀gá ní ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù Leeds, òun sì ni kọnsọ́ltáǹtì àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ ibẹ̀ nìkan ní Ìlú Ọba. Ọdún 1967 ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, 1961 ni James Mills àtàwọn dókítà mẹ́ta mìíràn ní ìlú Alexandria, ní Virginia, fi iṣẹ́ àdáni wọn sílẹ̀, tí wọ́n pín wákàtí 24 láàárín ara wọn kí àgbà má bàa ṣàìsí lẹ́nu-ọ̀nà. Ní 1970, Yunifásítì Cincinnati bẹ̀rẹ̀ residency pàjáwìrì àkọ́kọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ wọlé, Bruce Janiak. Ọdún 1979 ni wọ́n tó gbà pé ẹ̀ka iṣẹ́ ìṣègùn gidi ni.

12.
Ẹ jẹ́ ká padà sí tòsí ilé. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 2001, Hearts of Oak àti Asante Kotoko ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré Accra, ní Ghana. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú, èrò sáré lọ síbi ilẹ̀kùn. Ó lé ní 120 èèyàn tó kú.

Ghana sọkún, àmọ́ wọn ò fi mọ sẹ́kún. Wọ́n kọ́ ilé ìtọ́jú pàjáwìrì ńlá sí ọsibítù Komfo Anokye ní Kumasi. Ní 2009, residency pàjáwìrì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sì mọ àwọn tó bá wọn dá a sílẹ̀? Yunifásítì Michigan. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí Òdékù ti kọ́ṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá ló wá bá ọmọ iṣẹ́ nílé ẹ̀. Ní 2012 àwọn àkọ́kọ́ parí.

13.
Nàìjíríà náà ò jókòó lásán, àmọ́ ojú títì la kọ́kọ́ gbájú mọ́. Wọlé Ṣóyínká àtàwọn èèyàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977. FRSC ti ìjọba àpapọ̀ dé ní 1988, òun náà sì ni alága àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà ni òfin ìlera 2014 dé. Abala 20 ẹ̀ sọ pé ọsibítù kankan ò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ohun yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá kọ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin kan náà ya ìdá 5 nínú 100 lára owó ìtọ́jú ìpìlẹ̀ sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, ó ṣe é lò lọ́jọ́ burúkú.

Àmọ́ òfin lè ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Kò lè dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

14.
Ó wá kan gúúsù Èkìtì. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1996. Lónìí, a ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti ìpínlẹ̀ ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, àti ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá ní Adó. Fún ìpínlẹ̀ kékeré, ó dáa gan-an.

Ẹ wá wo máàpù. Adó wà láàárín, Ìdó wà lókè lọ́hùn-ún. Ìkẹ́rẹ́ ní ọsibítù ìpínlẹ̀, Ìsẹ̀ àti Èmùré ní General Hospital, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ̀gá kò sí níhà ọ̀dọ̀ wa. Tí nǹkan bá ṣe èèyàn lóru ní Èmùré, ìrìn àjò ni. Títí Adó sí Àkúrẹ́ tó la Ìkẹ́rẹ́ kọjá sì rèé, ọkọ̀ àjàgbé, korope, ọ̀kadà, gbogbo wọn ló ń du ọ̀nà kan náà.

15.
Báyìí ló ṣe wá kan lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi. A jókòó lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú kan, a to àwọn ọ̀nà tó wà níwájú ẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀nà ilé: o ti ṣe house job ọdún kan, o ti sin ìjọba, o yege nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní primary, o wá dúró de ọsibítù tó bá kéde àyè. Lẹ́yìn ìyẹn, Part 1 àti Part 2. Òfin residency ti 2017 ti wà tó sọ bí ó ṣe yẹ kí wọ́n náwó sí i. Àmọ́ ẹ rántí 2021, ìyanṣẹ́lódì àwọn resident bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó di oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

16.
Ọ̀nà Ìlú Ọba: ìforúkọsílẹ̀ ní GMC, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gba ìdánwò PLAB kọjá. Lẹ́yìn náà, ọdún bíi mẹ́fà ní ẹ̀ka pàjáwìrì.

Ọ̀nà Amẹ́ríkà: ìdánwò USMLE, ìwé ẹ̀rí ECFMG, lẹ́yìn náà Match. Láti 1952 ni Match ti wà. Ìwọ to àwọn ọsibítù tó o fẹ́ tẹ̀ léra, àwọn náà to àwọn tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ léra, kọ̀ǹpútà á so yín pọ̀, èsì á jáde ní oṣù Kẹta. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ti pàjáwìrì.

17.
Ibí yìí ni mo ti kọ́gbọ́n. Ní 2023, àyè residency pàjáwìrì 554 ló ṣófo lẹ́yìn Match ní Amẹ́ríkà. Mo pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáré!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àyè tó ṣófo ò túmọ̀ sí pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ̀ka pàjáwìrì ní irú lẹ́tà ẹ̀rí tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SLOE, àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ka pàjáwìrì níbẹ̀ ló ń kọ ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fojú ara wọn rí ẹ lẹ́nu iṣẹ́. Físà wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó ìdánwò wà níbẹ̀. Ó tún ní: "Kí ló dé tó ṣófo? Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ bi mí."

18.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ìbéèrè tí èmi àti ẹ̀ kọ sílẹ̀ rèé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dókítà nílé, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn:

- Ní aago méjì òru, ta ni àgbà tó wà nínú ilé gan-an, kì í ṣe lórí fóònù?
- Ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì ti fọwọ́ sí ètò náà fún ọsibítù yìí, àti títí di ọdún wo? Ìfọwọ́sí máa ń parí, ẹ bi kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra wọn.
- Àwọn tó wọlé ṣáájú ńkọ́, mélòó ló parí, níbo ni wọ́n wà?
- Ṣé irú aláìsàn tí mo fẹ́ tọ́jú ń dé ibẹ̀?
- Ṣé ẹ̀rọ wà, iná wà, ẹ̀jẹ̀ wà, àbí ìmọ̀ nìkan ni wọ́n máa fi lé mi lọ́wọ́?
- Ṣé mo lè sùn, ṣé mo lè jẹun, ṣé owó oṣù máa ń wọlé?

19.
Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ ìlú ò sí nínú ẹ̀. London, Houston, Ìbàdàn, orúkọ lásán ni bí àgbà ò bá sí níbẹ̀ lóru. Ohun tí Leeds ṣe, tí Alexandria ṣe, tí Kumasi ṣe, ohun kan náà ni: wọ́n fi àgbà sẹ́nu-ọ̀nà, wọ́n sì ní kó máa kọ́ ọmọ níbẹ̀. Ètò tó bá ń lo resident dípò àgbà, iṣẹ́ ló gbà ẹ́ sí. Kò gbà ẹ́ sí ẹ̀kọ́.

20.
Ẹ jẹ́ kí n yà sí ààfin Ìkẹ́rẹ́ díẹ̀, mo ń bọ̀. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà. Ó gbẹ́ ọba sórí ìtẹ́, ó gbẹ́ òyìnbó aláṣẹ tí wọ́n ń gbé bọ̀ lórí ohun ìgbérù. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní London. Àwọn òyìnbó fẹ́ rà á. Ògògà ò tà á. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ló gbà fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ilẹ̀kùn náà wà ní British Museum títí dòní.

Ṣùgbọ́n apá tí wọn kì í sábà sọ nìyí: Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà nílé. Wọ́n ní kó gbẹ́ òmíràn, ó sì gbẹ́ ẹ.

21.
Mo sọ ìtàn yìí fún ẹ̀gbọ́n mi nítorí ó ń dà á láàmú pé bí òun bá lọ, òun ti sá. Mi ò lè bá a dáhùn ìyẹn. Òdékù lọ, ó padà. Ọ̀pọ̀ lọ, wọn ò padà, wọ́n sì ń gbọ́ bùkátà ìdílé wọn láti ọ̀hún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí ilẹ̀kùn bá lọ tí agbẹ́gilére wà nílé, òmíràn á jáde. Tí agbẹ́gilére fúnra ẹ̀ bá lọ, tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn lẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí residency tó wà nílé fi ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ tuntun lọ. Ibẹ̀ la ti ń tọ́ àgbà tó ń bọ̀.

22.
Ó tún lẹ́tà náà kọ. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ti kúrò ní "láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì." Ọlọ́kadà yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ó sì kọ ọ́ ní gbangba pé òun ò mọ ohun tóun ń ṣe lóru ọjọ́ náà, àti pé òun fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó fi í ránṣẹ́ síbi méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lókè òkun. Ó ní ibi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ dá òun lóhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn lóun máa lọ.

23.
À ń retí èsì. Ìyá wa ní Èmùré ti ń gbàdúrà láìmọ èwo ni kóun bẹ Ọlọ́run fún, ló bá kúkú ń sọ pé "èyí tó bá sún mọ́lé."

Tẹ́ ẹ bá ní dókítà nínú ẹbí yín, ẹ bi í lónìí: ta ló dúró tì í lóru ọjọ́ tó kọ́kọ́ dá nìkan wà lẹ́nu-ọ̀nà? Ẹ wá sọ èsì ẹ̀ fún mi nísàlẹ̀ níbí, ẹ má dárúkọ ọsibítù. Màá kà gbogbo ẹ̀.